Ọlọ́pàá Íńdíà ti fìwé pe àbúrò mi: kí ni béèlì tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó mú ènìyàn?

Oníṣòwò Òkè-Ajé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, torí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí oorun ti dá lójú mi.

Gàrí ni mò ń tà ní Òkè-Ajé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni àkọ́bí. Àbíkẹ́yìn wa wà ní Pune ní ilẹ̀ Íńdíà, ó ń kàwé másításì níbẹ̀. Oko obì tí Bàámi fi sílẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó la tà ká tó rí owó ọdún àkọ́kọ́ san. Ti ọdún kejì yìí, owó gàrí ni mò ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ń ka owó ọjọ́ náà, ni fóònù dún. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Aago tiwọn fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú tiwa, ìyẹn ni pé aago méjì òru ló ń pè mí. Kí n tó gbé e ni àyà mi ti já.

Ohun tó sọ rèé. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gba owó kan sínú àkáǹtì rẹ̀, pé báǹkì ń yọ òun lẹ́nu. Owó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ ọ́, ó kó o fún un. Ó búra fún mi pé òun ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àṣé owó jìbìtì ni. Obìnrin kan tí wọ́n lù ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ fẹjọ́ sùn ní tésàn, orúkọ tí wọ́n sì bá lórí àkáǹtì tí owó rẹ̀ wọ̀ ni orúkọ àbúrò mi. Ọ̀rẹ́ náà ti kó ẹrù rẹ̀ lóru, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Báǹkì ti ti àkáǹtì pa. Ọlọ́pàá wá mú ìwé wá sílé pé kí àbúrò mi yọjú lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ mú un lọ bá lọ́yà kan. Lọ́yà ní kó lọ gba ohun kan tí wọ́n ń pè ní anticipatory bail. Owó tó dá lé wa ju èrè gàrí oṣù méjì lọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Ẹni tí wọn ò tíì mú, kí ni wọ́n ń gba béèlì rẹ̀ sí? Ṣé òótọ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, àbí lọ́yà ń wá owó ọbẹ̀? Ṣé àlejò tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn lè rí i gbà? Bó bá sì rí i gbà, ṣé ọlọ́pàá máa fi í lọ́rùn sílẹ̀? Màámi ti ń gbààwẹ̀ láti Ọjọ́rú, wọn ò jẹ́ kí n gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn.

Ọmọ Mákún

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí ogun ẹjọ́. Ní tèmi, ẹ yá owó tíkẹ́ẹ̀tì, kó máa bọ̀ wálé kí ọjọ́ Ajé tó pé. Sátífíkéètì ò tó ẹ̀mí. Bó bá dé Ìjẹ̀bú, ta ló máa wá mú un? A mọ ọmọ Ṣágámù kan tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣẹlẹ̀ sí ní ìlú òyìnbó, ó dúró pé òun ò mọ nǹkan kan, ó pẹ́ lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún tiyín.

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Ìyá Oníṣòwò, ẹ kú ìpayà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn sá o. Ọmọ Mákún, mo mọ̀ pé àánú ló mú ọ sọ ọ́, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ìwé ìpè ni wọ́n fún un, wọn ò tíì pè é ní ọ̀daràn. Bó bá sá, ohun tí ọlọ́pàá máa gbé síwájú adájọ́ ni pé ẹ wò ó, ó sá. Wọ́n sì máa ń fi orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn pápákọ̀ òfurufú wọn. Ẹnu ibi tó ti fẹ́ wọ bàálù ni wọ́n ti máa dá a dúró, ẹni tó sì ti fẹ́ sá lẹ́ẹ̀kan, adájọ́ wo ló máa fún un ní béèlì?

Ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù, kí n tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ́ fẹ́ràn àwọn ìdájọ́ ilẹ̀ Íńdíà, torí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni òfin tiwa àti tiwọn ti ṣẹ̀ wá. Bó bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ nínú wọn, èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n nìyẹn, mo sì ń kà wọ́n títí di òní. Nínú gbogbo òfin wọn, èyí tí ẹ béèrè yìí ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Lọ́yà yín kò parọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní béèlì àṣáájú. Béèlì tí gbogbo wa mọ̀, ènìyàn á ti wà lẹ́yìn káńtà, á ti bọ́ bàtà, á ti bọ́ bẹ́líìtì, kí ará ilé tó máa sáré wá oníduró. Ti béèlì àṣáájú, ẹni náà ṣì wà nínú ilé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tọ adájọ́ lọ pé: Olúwa mi, mo ní ìdí láti gbà pé wọ́n fẹ́ mú mi lórí ẹ̀sùn báyìí báyìí. Bí adájọ́ bá rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, á pàṣẹ fún ọlọ́pàá pé, bí ẹ bá mú ọkùnrin yìí, ẹ gba béèlì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó máa lọ. Àṣẹ náà á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di wákàtí tí wọ́n bá na ọwọ́ mú un, ìgbà yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kò sọ pé ẹni náà ò jẹ̀bi o. Kò dá ìwádìí dúró. Kò lé ọlọ́pàá lọ. Àdéhùn tó máa ń bá a rìn ni pé kó máa yọjú nígbàkígbà tí ọlọ́pàá bá pè é fún ìbéèrè, kó má halẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí kankan, kó má sì fi ohunkóhun tan ẹlẹ́rìí, kó má sì jáde kúrò ní Íńdíà láìgba àṣẹ ilé-ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í fara pamọ́ ni kò tíì yé.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wọn, ti ọdún 1898, kò ní i. Ní ọdún 1969 ni Ìgbìmọ̀ Òfin ilẹ̀ náà kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wọn kọkànlélógójì pé ó yẹ kó wà. Ìdí tí wọ́n sọ nìkan ló tó kà: pé àwọn alágbára a máa ti ẹ̀sùn èké sí ọ̀tá wọn lọ́rùn, kí wọ́n sáà lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ díẹ̀, kí ojú sì tì í. Ọjọ́ díẹ̀ o! Ìdájọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá, ìtìjú yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé ìwé sílẹ̀, torí mo rí ojú àwọn ènìyàn tí mo mọ̀. Ìgbìmọ̀ kan jókòó, ó gbà pé ìmúni nìkan, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ti jẹ́ ìyà. Wọ́n fi í sí abala 438 nínú òfin ọdún 1973, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, 1974. Láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, 2024, òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀, abala 482 ni ẹ ó máa rí lórí ìwé báyìí. Bí lọ́yà bá ṣì ń pè é ní 438, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Ẹ má rò pé ohun tí wọ́n fún ni kò ṣe é gbà padà. Ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh yọ ọ́ kúrò ní 1976, lásìkò tí ìjọba kéde pàjáwìrì, 2019 ni wọ́n tó dá a padà. Ọdún 43 ni àwọn ará ibẹ̀ fi wà láìní i, tí àwọn aládùúgbò wọn sì ní i.

Ìdájọ́ tó gbé e ró ni ti Gurbaksh Singh Sibbia ní ọdún 1980. Mínísítà ni ní ìpínlẹ̀ Punjab, wọ́n fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kàn án. Ilé-ẹjọ́ gíga ibẹ̀ to òfin bí ògiri yí béèlì náà ká, pé àfi báyìí, àfi báyẹn. Adájọ́ márùn-ún ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, Chandrachud ni olórí wọn, wó ògiri náà. Wọ́n ní ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ ní ìdí tí adájọ́ lè fojú rí. Ẹ̀rù lásán ò tó. Kò dìgbà tí wọ́n bá kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ ní tésàn kó tó lè béèrè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mú un tán, ó ti bọ́. Kò sì sí àṣẹ ìbora, pé ohunkóhun tí mo bá ṣẹ̀ kí wọ́n má mú mi. Orí ọ̀rọ̀ kan pàtó ni.

Lẹ́yìn náà, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ìgbà tó máa ń tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn adájọ́ kan máa ń fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pé lẹ́yìn ìyẹn kí ẹni náà lọ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni adájọ́ márùn-ún mìíràn parí ẹ̀ nínú ẹjọ́ Sushila Aggarwal: kò ní ọjọ́ ìparí, ó lè bá a dé òpin ẹjọ́, àyàfi tí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì láti fi gbèdéke sí i.

Ó kàn yín báyìí. Ìwé ìpè yẹn ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ ní kó ya fọ́tò rẹ̀ fún yín, kó wo abala òfin tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ abala 35, ẹsẹ kẹta, nínú òfin tuntun yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni. Òfin ní ẹni tó bá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, tó sì ń yọjú bí wọ́n ṣe ní kó máa yọjú, wọn ò gbọdọ̀ mú un lórí ọ̀rọ̀ yẹn, àfi tí ọlọ́pàá bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ dúdú lórí funfun. Ẹjọ́ Arnesh Kumar ti ọdún 2014 ló mú un le: ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò bá ju ọdún 7 lọ, kí ọlọ́pàá má kàn máa mú ènìyàn bí ẹni mú adìẹ, kó kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìmúni fi pọn dandan. Jìbìtì wà lára irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ọdún 7 ni òkè rẹ̀.

Nítorí náà, kí ó lọ lọ́jọ́ Ajé. Kí lọ́yà bá a lọ. Béèlì àṣáájú náà, kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ Sessions (kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ní àgbègbè) ní Pune kí ọjọ́ Ajé tó pé, bó bá ṣeé ṣe. Adájọ́ lè fún un ní àṣẹ ìgbà díẹ̀ ná títí yóò fi gbọ́ tẹnu ìjọba. Bí wọ́n bá kọ̀ níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ti Bombay wà lókè wọn.

Mi ò ní tàn yín, kì í ṣe gbogbo ẹni tó béèrè ló ń rí i. Chidambaram, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó àti ti ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tó tún jẹ́ lọ́yà àgbà, béèrè rẹ̀ ní Delhi. Wọ́n kọ̀ fún un ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, 2019, alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀sùn kan wà tí òfin ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, bí fífipá bá ọmọdébìnrin lò pọ̀. Tiyín kò sí lára ìyẹn.

Ará Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n Oníṣòwò, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọdún 6 ni mo lò ní Delhi, iléèwé ló gbé èmi náà lọ, mo sì ti tẹ̀ lé ọmọ ilé wa lọ sí kóòtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo ohun tí Bàbá sọ, mo fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú pópó kún un.

Ẹ ní kó má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí WhatsApp! Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yẹn fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gba owó, òun ni ẹ̀rí rẹ̀. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà nílé, torí ọlọ́pàá lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì lè pẹ́ kó tó rí i gbà. Kó gba ìwé àkáǹtì rẹ̀ láti báǹkì, èyí tó fi ọjọ́ àti wákàtí tó yọ owó náà hàn. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ iléèwé pé ọmọ wọn ni, ó ń wá sí kíláàsì. Kó mú ìwé ilé tó ń gbé, páásípọ́ọ̀tì, físà, àti ìwé tí ọ́fíìsì àjòjì fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní gbòǹgbò níbẹ̀, ìwé ló máa sọ ọ́, omijé kọ́.

Marathi ni èdè wọn ní Pune. Ìwé tí wọ́n bá kọ ní Marathi tí kò yé e, kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kó fi sùúrù sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Kó má gbójú sókè, kó má sì bú ẹnikẹ́ni.

Ti àlejò tí ẹ béèrè: ẹnikẹ́ni ni òfin náà kọ, kò kọ ọmọ ilẹ̀ nìkan. Ibi tó ti máa ń ṣòro fún wa ni oníduró. Ta lo mọ̀ níbẹ̀ tó máa fi ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ? Àwọn adájọ́ kan máa ń gbà kí ènìyàn fi owó sílẹ̀ dípò oníduró, kí lọ́yà béèrè ìyẹn. Ẹ tún sọ fún lọ́yà kó ka ẹjọ́ Frank Vitus, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni. Ẹ̀sùn oògùn olóró ni tirẹ̀, béèlì lásán ni, kì í ṣe àṣáájú. Wọ́n ní kó máa fi Google Maps jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ibi tó wà, kó sì gba ìwé ìdánilójú lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba Nàìjíríà pé kò ní sá. Ọjọ́ 8, oṣù Keje, 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wọn sọ pé rárá, béèlì kì í ṣe ohun tí ọlọ́pàá fi ń ṣọ́ ìgbésí ayé ènìyàn ní gbogbo wákàtí, ìwé aṣojú ìjọba tí ẹni náà kò lágbára lé lórí kò sì gbọdọ̀ di ohun tó máa dí béèlì lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ìdájọ́ yẹn jáde, inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè sọ.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n mú un, ó ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn aṣojú wa ní New Delhi gbọ́, àdéhùn àgbáyé ti Vienna, 1963, ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú májísíréètì kí wákàtí 24 tó pé.

Oníṣòwò Òkè-Ajé

Bàbá Akọ̀wé, Ará Ìkẹ́nnẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún Màámi sókè ní èdè Ìjẹ̀bú wa, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ó ti ya fọ́tò ìwé náà. Abala 35, ẹsẹ kẹta ni lóòótọ́, bí Bàbá ṣe sọ! Ẹ̀sùn jìbìtì ni wọ́n kọ, abala 318. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ohun tó kù tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ìyá kan ní àdúgbò wa sọ lánàá pé bí wọn ò bá rí i mú níbẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí ọlọ́pàá níbí, wọ́n á wá gbé Màámi dípò rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Màámi á dìde. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ṣé irú béèlì àṣáájú yìí wà ní ilẹ̀ wa, kí n lọ gbà á fún wọn?

Akọ̀wé Kóòtù Tẹ́lẹ̀

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí bá mi níbi tó ń dùn mí. Mo wí pé òfin wọn yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀.

Ṣáájú kí n tó wọ iṣẹ́ kóòtù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní gbèsè sìmẹ́ǹtì lọ́rùn. Gbèsè ni o, kò jalè. Ẹni tó jẹ lówó mọ àwọn ènìyàn ní tésàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ó sá lọ sí oko. Wọ́n dé, wọn ò bá a, wọ́n gbé Màámi. Aṣọ àdìrẹ ilé ni wọ́n wọ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn káńtà kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde wá. Wọn ò fẹ̀sùn kan Màámi, wọn ò kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan. Ìgbà tí wọ́n dé ilé, wọn ò lọ sí ọjà mọ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní gbogbo ènìyàn ń wo òun. Ẹ ò rí i pé ohun tí Ìgbìmọ̀ Òfin Íńdíà kọ ní 1969, ilé wa ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 kọ ọ́ ní abala 7 pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò afurasí. Òfin ńlá wa ti 1999, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà ní ìwọ̀n kìlómítà 40, ọjọ́ méjì bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ wà, kóòtù wà níbẹ̀ fún májísíréètì àti fún adájọ́ gíga. Ọjọ́ kan ni tiyín. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́, abala yẹn kan náà ní kí wọ́n sanwó gbà-má-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì níta gbangba.

Béèlì àṣáájú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, a ò ní i. Ohun tó sún mọ́ ọn ni abala 46 nínú òfin ńlá wa, tó jẹ́ kí ènìyàn lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, tàbí bó bá jọ pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kí o dì mú. Ìlànà tí a fi ń gbé e lọ ni ti ọdún 2009, lọ́yà tó bá mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti yàtọ̀ nìyí: Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ ní 2005, nínú ẹjọ́ agbẹjọ́rò àgbà Anambra àti Uba, pé ènìyàn ò lè wá fi kóòtù ṣe apata sí ìwádìí ọlọ́pàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹni tó kàn fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè láìsun ẹ̀yìn káńtà ńkọ́? Ohun tí àwọn ará Íńdíà ṣe ni pé wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀: ìwádìí ń lọ, ènìyàn ń sùn nílé rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ògùn lè ṣe irú rẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà sí aṣojú wa lẹ́ẹ̀mejì, màá kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ní ti Màámi yín, ẹ má tíì lọ sí kóòtù. Kò sí ẹni tó wá, kò sí ìwé tó dé, adájọ́ á béèrè ìdí, ọ̀rọ̀ aládùúgbò kò tó o. Kí o kàn wá lọ́yà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ àti lára ògiri Màámi. Bí ẹnikẹ́ni bá dé, kẹ́ ẹ béèrè orúkọ àti tésàn tí wọ́n ti wá, kí o sì pe lọ́yà náà kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Mákún

Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ pé sísá lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ lọ́yà ní Ìjẹ̀bú-Òde, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.

Oníṣòwò Òkè-Ajé

Ẹ kú àdúrótì o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lónìí, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tó dé.

Ó lọ lánàá, òun àti lọ́yà. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi bi í léèrè. Ó fi ọ̀rọ̀ WhatsApp hàn wọ́n àti ìwé báǹkì. Wọ́n gba fóònù náà gẹ́gẹ́ bí Ará Ìkẹ́nnẹ́ ṣe wí, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi níbí. Wọ́n kọ ìwé kan ní Marathi, ó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ọlọ́pàá kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì kà á fún un. Wọn ò tì í mọ́lé. Ó sùn nílé rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kó padà wá.

Lọ́yà ti fi ìwé béèlì àṣáájú sílẹ̀ ní kóòtù, adájọ́ ti fún un ní àṣẹ ìgbà díẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ìjọba. Oníduró ni wọ́n ń wá báyìí. Olùkọ́ rẹ̀ kan ní òun máa ronú sí i.

Màámi jẹ ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́ àná, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ará Ìkẹ́nnẹ́, mo tún ní ìbéèrè kan. Físà rẹ̀ máa tán ní oṣù mẹ́rin sí i, ẹjọ́ yìí sì lè má tíì parí nígbà náà. Ṣé kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá ọ́fíìsì àjòjì láti ìsinsìnyí, àbí kó dúró de ọ̀rọ̀ adájọ́ ná?